Ta Ló Hun Ún, Ta Ló Wọ̀ Ọ́?

Lọ́dún 809, òṣìṣẹ́ ọba kan ní Chang'an, olú ìlú Ṣáínà láyé ìdílé ọba Tang, kọ ewì nípa aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní liaoling. Sẹ́dà ni, ṣùgbọ́n ó ní sẹ́dà yòókù kò tó o lẹ́gbẹ́ rárá: àfi bí omi tó ń já bọ́ láti orí òkè Tiantai lábẹ́ òṣùpá, ilẹ̀ aṣọ bí èéfín funfun, òdòdó ara rẹ̀ bí yìnyín tó ṣù jọ. Títí débẹ̀, oríkì aṣọ ni. Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń ki aṣọ. Àfi bó ṣe yí ohùn padà lójijì, tó béèrè pé: ta ló hun ún, ta ló wọ̀ ọ́? Ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn: obìnrin tálákà ilẹ̀ Yue ló hun ún, ìyàwó ààfin ló wọ̀ ọ́.

Bai Juyi ni orúkọ akéwì náà. Aláró ni èmi, ní Kémta, nílùú Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, òun náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo ka ewì púpọ̀ ní yunifásítì kí n tó padà sídìí ìkòkò aró, mo sì fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Bai Juyi nìkan ni mo mọ̀ tó jẹ́ pé ibi yòówù kí n ṣí ìwé rẹ̀ sí, kì í pẹ́ tí n ó fi bá aṣọ pàdé, ẹni tó ṣe aṣọ náà á sì wà nítòsí. Àwọn mìíràn á sọ fún yín pé akéwì ìfẹ́ ni, tàbí akéwì ẹlẹ́sìn Búdà. Òótọ́ ni. Lójú tèmi, akéwì aṣọ ni.

Ẹ jẹ́ ká parí ewì liaoling náà. Ìwẹ̀fà ọba ló mú àṣẹ wá láti ààfin pé irú ọnà báyìí ni ọba fẹ́. Wọ́n hun ọ̀wọ́ ẹyẹ tó ń fò kọjá lókè àwọsánmà sí i lára, wọ́n rẹ ẹ́ ní àwọ̀ omi odò gúúsù nígbà ìrúwé. Wọ́n gé apá rẹ̀ fẹ̀, wọ́n fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́. Oníjó tí ọba fẹ́ràn ló gbà á, ẹ̀wù kan ṣoṣo, iye rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún wúrà. Bí òógùn àti àtíkè bá ti kàn án, ó parí, kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Á máa wọ́ ọ nílẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, kò sì ní dùn ún. Akéwì wá padà sọ́dọ̀ obìnrin tó wà nídìí òfì: òwú náà tín-ín-rín, fífà rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ obìnrin ń ro ó, òfì ń dún zha-zha, zha-zha, ó dún nígbà ẹgbẹ̀rún, aṣọ kò tíì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ̀yin olórin àti oníjó ààfin Zhaoyang, ká ní ẹ rí bí wọ́n ṣe ń hun ún ni, ẹ̀yin náà ì bá kẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ti ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí mọ̀ pé kò sí irọ́ nínú ìlà òfì yẹn. A ó po ẹ̀kọ, a ó fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ funfun, ìlà lórí ìlà, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọnà Ìbàdàndùn nìkan, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó inú rẹ̀, lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó jọjú. Yíyà tán, ó kan rírẹ. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan là ń ti aṣọ bọ aró. À ń tì í bọ̀ ọ́, à ń yọ ọ́ kó gba afẹ́fẹ́, à ń tì í padà, títí yóò fi dúdú débi tí ojú ń fẹ́. Ọrùn ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń ro mí, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn. Tí a bá wá gbé e dé ọjà Ìtòkú, oníbàárà á tú aṣọ, á wò ó síwá sẹ́yìn, á dá iye tó wù ú. Aṣọ ló rí. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò kò jẹ́ ká sá aṣọ, mo sọ ewì náà fún àwọn ìyá tí a jọ wà lábẹ́ àtíbàbà. Èdè wa ni mo fi sọ ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi dé ibi tí oníjó ti tẹ aṣọ mọ́ ẹrẹ̀, ni wọ́n bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló kọ ọ́?" Ìyá Àgbà ló béèrè.

"Ọkùnrin kan ni, mà. Òṣìṣẹ́ ọba ni, ó ti pẹ́ gan-an."

"Ọkùnrin? Á jẹ́ pé ó ti jókòó ti obìnrin tó ń hunṣọ rí nìyẹn. Wọn kì í gbọ́ ìró òfì láti ààfin." Wọ́n ronú díẹ̀. "O ní ẹgbẹ̀rún wúrà ni iye ẹ̀wù yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èló ni wọ́n san fún ẹni tó hun ún?"

Mo ní ewì náà kò sọ.

"Kó padà wá sọ ọ́, ọmọ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà."

Àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ikú Bai Juyi sọ ìtàn kan pé tó bá kọ ewì tuntun, á kà á fún ìyá arúgbó kan, á bi í bóyá ó yé e. Tí kò bá yé e, á tún un kọ. Mo máa ń rò pé ká ní Ìyá Àgbà wa ni arúgbó náà, ewì liaoling ì bá gùn jù báyìí lọ.

Ọdún 772 ni wọ́n bí Bai Juyi, ní Xinzheng, lágbègbè Henan òde òní. Ogun tí ọ̀gágun An Lushan gbé dìde sí ọba lọ́dún 755 ti fọ́ ìjọba Tang yángá kí wọ́n tó bí i, àwọn ọ̀gágun ìgbèríko ṣì ń bára wọn jà nígbà èwe rẹ̀, ìdílé rẹ̀ sì ń ṣí láti ìlú dé ìlú. Ìwé ló fi jáde. Lọ́dún 800 ó yege ìdánwò ńlá ìjọba, 17 ni àwọn tó yege lọ́dún náà, òun ló sì kéré jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Zhouzhi, níbi tó ti rí ìkórè àlìkámà lójú ara rẹ̀.

Ó kọ ohun tó rí níbẹ̀. Obìnrin kan dúró lẹ́bàá oko olóko, ó gbé ọmọ mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa àlìkámà tó bọ́ sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tó ti ya ló fi kọ́ apá òsì. Owó orí ló gba gbogbo èrè oko tirẹ̀, ohun tó bá ṣà ni yóò fi bọ́ ikùn. Akéwì wá yíjú sí ara rẹ̀: kí ni mo ṣe tí mo fi yẹ, èmi tí mi ò roko, tí mi ò sin kòkòrò sẹ́dà, tí wọ́n ń fún mi ní ọ̀ọ́dúnrún òṣùwọ̀n ọkà lọ́dún, tí ọdún á yí po tí ó ṣì ṣẹ́ kù? Ó ní ojú ń ti òun, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn òun látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ààfin, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa ta ọba lólobó níbi tí nǹkan bá ti wọ́. Ó ṣe é nínú ìwé ẹ̀sùn, ó sì ṣe é nínú ewì. Àádọ́ta ewì ló kó jọ lọ́dún 809 lábẹ́ àkọlé kan, liaoling wà nínú wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé torí làálàá àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ lòun ṣe kọ ìyẹn. Òmíràn nínú wọn wà fún gómìnà Xuanzhou, tó ń fi kápẹ́ẹ̀tì pupa olówó iyebíye ránṣẹ́ sọ́ba lọ́dọọdún: ṣé o mọ̀, gómìnà, pé ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún òwú ló ń wọ inú ọ̀pá kápẹ́ẹ̀tì kan? Ilẹ̀ kò mọ òtútù, ènìyàn ló ń fẹ́ ooru. Má bọ́ aṣọ lára ènìyàn kí o fi wọ ilẹ̀.

Ti baba eléèédú ló gbajúmọ̀ jù nínú àádọ́ta náà. Baba náà ń gégi, ó ń sun èédú lórí òkè Zhongnan, eérú bò ó lójú, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú. Ẹ̀wù ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, síbẹ̀ ó ń gbàdúrà kí òtútù mú sí i, nítorí kí èédú má baà pọ́ọ́kú. Yìnyín bọ́ lóru, ó da màlúù rẹ̀ wọ̀lú ní ìdájí. Àwọn ẹlẹ́ṣin méjì dé, ọ̀kan wọ yẹ́lò, ọ̀kan wọ funfun, wọ́n na ìwé sókè pé àṣẹ ọba ni, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà ààfin. Kẹ̀kẹ́ èédú odindi. Kí ni wọ́n fi san án? Ààbọ̀ ìgàn aṣọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ègé sẹ́dà kan, wọ́n so ó mọ́ orí màlúù. Ẹni tí òtútù ń pa, aṣọ tí kò lè móoru ni wọ́n fi lé e lọ. Ọwọ́ tèmi náà dúdú dé ìgúnpá, aró kì í ṣí lára èékánná, mi ò sì lè ka ìlà ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn kí n má wo ọwọ́ mi.

Nínú ewì mìíràn, obìnrin ń hun aṣọ owó orí, kò tíì pé ìgàn kan, agbowó orí abúlé ti dé ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ gbọ́ pé kó dúró díẹ̀. Ọkùnrin abúlé tó ń sọ ìtàn náà wá lọ san owó orí tirẹ̀, ó yọjú wo ilé ìṣúra ìjọba: aṣọ tò jọ bí òkè, òwú bí ìkúukùu, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ wá di eruku nínú ilé ìṣúra ọba. Ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta kò lè ka èyí kó má rántí ọdún 1947, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kún ààfin Aké nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ipò ọba sílẹ̀. Bai Juyi kọ ewì fún àwọn tí kò lè dé ààfin. Àwọn ìyá wa dé ààfin fúnra wọn, wọ́n sì gbé orin tiwọn lọ́wọ́. Tiwọn ló wù mí jù, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ ọba tó lè jókòó sínú ààfin kó kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ọba tó ń bọ́ ọ.

Àwọn kan ní Ìtòkú ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbé akéwì ará Ṣáínà lárugẹ, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ya ọnà àdìrẹ wa sí, ló ń ba ọjà wa jẹ́. Inú mi kì í dùn sí aṣọ náà. Iye tí wọ́n ń tà á kò tó owó tí mo fi ń ra aṣọ funfun àti aró, mo sì fẹ́ kí ìjọba dáàbò bo iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ewì liaoling kò jẹ́ kí n lè bínú sí i láìbéèrè ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀ náà, ilẹ̀ Yue àtijọ́ sì wà nínú ìpínlẹ̀ Zhejiang tó kún fún ilé iṣẹ́ aṣọ lónìí. Èló ni wọ́n ń san fún un?

Ọdún 811 le fún Bai Juyi. Ìyá rẹ̀ kú. Lọ́dún náà ló tún pàdánù ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jinluan, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àìsàn ń ṣe òun fúnra rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ní láti gbé e dìde kó tó lè sunkún. Ó ní ẹ̀wù ọmọ náà ṣì wà lórí ìkọ́, oògùn tó mu kù ṣì wà nítòsí ìrọ̀rí. Wọ́n gbé e gba ọ̀nà abúlé jáde, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bo sàréè kékeré náà. Ẹ má sọ pé ibẹ̀ kò jìnnà, ó ní, ìyàtọ̀ yìí di títí láé. Mi ò mọ ìyá kan tí kò ní mọ ohun tí ẹ̀wù orí ìkọ́ yẹn jẹ́.

Lọ́dún 815, wọ́n pa olórí òṣìṣẹ́ ọba, Wu Yuanheng, ní gbangba ìgboro Chang'an. Bai Juyi ló tètè kọ̀wé pé kí wọ́n wá àwọn apààyàn náà rí. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, wọ́n tún fi ikú ìyá rẹ̀ bà á jẹ́, pé ìyá náà kú síbi kànga nígbà tó ń wo òdòdó, ọmọ rẹ̀ wá ń kọ ewì nípa òdòdó àti kànga. Wọ́n lé e lọ sí Jiangzhou, létí odò Yangzi, sípò tí kò ní iṣẹ́ gidi nínú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yuan Zhen, akéwì bíi tirẹ̀, tí wọ́n ti lé lọ síbòmíràn ṣáájú, fi aṣọ ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Aya Bai Juyi tó ń ṣàìsàn ló rán an fún un. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó dá dúró, ó ní kò yẹ ara tí òun ní báyìí mọ́.

Ní Jiangzhou ló ti kọ ewì obìnrin onípipa, lọ́dún 816. Ó lọ sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan létí odò lálẹ́, ó gbọ́ ẹni tó ń ta pipa, ohun èlò olókùn mẹ́rin, nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Wọ́n bẹ obìnrin náà kó jáde. Ó ti lókìkí rí ní Chang'an. Orin kan ṣoṣo, àwọn ọmọ olówó á máa sọ sẹ́dà pupa lù ú débi tí kò lè kà á, ọtí á máa dà sára yẹ̀rì rẹ̀ tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò sì ní bìkítà. Ẹwà lọ, ó fẹ́ oníṣòwò tíì, ọkùnrin náà lọ ra tíì, ó fi í sílẹ̀ sójú omi. Ẹ rí i pé yẹ̀rì tí wọ́n dà ọtí sí yìí, ọmọ ìyá ẹ̀wù liaoling ni. Lọ́dún 809, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni akéwì ń bá wí. Ọdún 816, ó jókòó tì í, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti lo obìnrin náà tán bí wọ́n ṣe lo aṣọ rẹ̀. Ó ní kó tún orin kan ta sí i. Gbogbo wọn sunkún. Ta lomijé rẹ̀ pọ̀ jù? Òṣìṣẹ́ Jiangzhou ni, ẹ̀wù rẹ̀ aláwọ̀ aró rin gbingbin. Ẹ̀wù ipò ìsàlẹ̀ ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń wọ̀. Èyí ni mo kà sí ewì tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Nǹkan padà dára fún un. Ó ṣe gómìnà Hangzhou láti ọdún 822 sí 824, ó mọ ògiri dá omi dúró níbi adágún ìlú náà kí omi lè dé oko nígbà ọ̀dá, ó sì kọ ọ́ sára òkúta bí wọn yóò ṣe máa tú omi náà. Nínú ewì ìdágbére rẹ̀, ó ní owó orí wúwo, tálákà pọ̀, adágún omi kan ni òun fi sílẹ̀ fún wọn tí yóò gbà wọ́n lọ́dún ìyàn. Nígbà tó darúgbó ní ìlú Luoyang, ó rántí gúúsù yẹn: òdòdó etí odò nígbà tí oòrùn yọ pupa ju iná lọ, omi odò nígbà ìrúwé ní àwọ̀ ewé tútù bí ẹ̀lú. Ewé tiwọn yàtọ̀ sí ẹ̀lú tiwa, ṣùgbọ́n ayọ̀ ńlá ni ìlà yìí jẹ́ fún aláró. Odò ló fi wé aró. Ọ̀pọ̀ akéwì ì bá fi aró wé odò.

Ohun kan wà tí mi ò gbójú fò. Ní Luoyang yẹn náà, ó di olówó, ó ní àwọn olórin àti oníjóbìnrin nínú ilé, ó sì kọ ewì nípa ẹwà wọn. Ẹni tó bá oníjó ààfin Zhaoyang wí wá ní oníjó tirẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí. Bẹ́ẹ̀, nílùú kan náà ló ti rán ẹ̀wù òtútù tuntun, ara rẹ̀ móoru, tí kò sì lè gbádùn rẹ̀. Ó ní bóun ì bá rí ẹ̀wù ńlá kan tó gùn tó ẹgbàárùn-ún ọ̀pá, tóun á fi bo gbogbo ìlú Luoyang. Ọkùnrin kan náà ló ṣe méjèèjì.

Lọ́dún 842 ó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 844, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà omi eléwu kan ní Longmen kí ọkọ̀ má baà máa fọ́ níbẹ̀. Ó kú lọ́dún 846. Kó tó kú, ó da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sọ́nà márùn-ún: mẹ́ta sí ilé ìsìn Búdà ní ibi mẹ́ta, ọ̀kan sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ọ̀kan sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewì tó lé ní 2,800 fi kù fún wa, èyí tó pọ̀ ju ti akéwì Tang èyíkéyìí lọ. Láyé rẹ̀ ni ewì náà ti dé Jàpáánù, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé tiwọn ni.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ka á, ti Arthur Waley ló sì rọrùn jù láti rí. Ọ̀pọ̀ ìwé á kọ́kọ́ gbé ewì gígùn rẹ̀ nípa ọba Xuanzong àti Yang Guifei fún yín, èyí tó kọ lọ́dún 806. Ó dùn, mi ò sọ pé kò dùn. Ẹ kọ́kọ́ ka ti baba eléèédú, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí liaoling, kẹ́ ẹ sì fi ti onípipa sí ìkẹyìn. Ẹ kà wọ́n sókè, fún ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ nítòsí yín, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa béèrè.